Obìnrin nídìí iṣẹ́ ẹ̀rọ àti sáyẹ́ǹsì ní Ìkòròdú: ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù àti ìdáhùn mi

Ọdún 29 ni mo fi ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní Odógunyán níbí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, agbára káká ni Sátidé kan fi ń kọjá kí ẹnì kan má kan ilẹ̀kùn mi: ìyá tó mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá iléeṣẹ́ tí yóò ti ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ìwé ní kí wọ́n lọ ṣe, ọkọ tí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ti sú, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kàyéfì pé àwọn obìnrin tóun gbà kì í pẹ́ kí wọ́n tó lọ. Ìbéèrè wọn jọra débi pé mo pinnu láti kọ wọ́n sílẹ̀, pẹ̀lú ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn.

Ẹnjiníà, ọmọ mi obìnrin ní ìmọ̀ ẹ̀rọ lòun fẹ́ kọ́. Ṣé ọpọlọ obìnrin gbé e?

Ó gbé e, Màmá. Ní 1963, Grace Alele-Williams gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Yunifásítì Chicago, òun sì ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ní 1985 ó di ọ̀gá àgbà Yunifásítì Benin, kò sí obìnrin tó tíì darí yunifásítì kankan ní ilẹ̀ yìí ṣáájú rẹ̀. Francisca Okeke ti Nsukka, onímọ̀ físíìsì, gba ẹ̀bùn L'Oréal-UNESCO fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì ní 2013.

Èmi náà máa ń bi àwọn ìyá ní ìbéèrè kan. Bí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀ tí kò ta nílé yín, ta lẹ ń pè? Lọ́pọ̀ ilé, ọmọkùnrin ni wọ́n á ní kó wá tú u wò. Ọmọbìnrin ni wọ́n á ní kó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Tí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ọmọ tó mọ ìṣirò jù lọ nílé á máa rò pé ẹni tó ń tan tọ́ọ̀ṣì lòun jẹ́. Ẹ fún òun náà ní sípánà. Ẹ jẹ́ kó tú plọ́ọ̀gì, kó fọ̀ ọ́, kí ọwọ́ rẹ̀ dúdú.

Ibo ló ti lè kọ́ ọ láìjìnnà sílé?

LASUSTECH wà lọ́nà Ṣàgámù níbí. Pólì tí gbogbo wa mọ̀ nì ni, ó di yunifásítì ní 2022. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti LASU wà ní Ẹ̀pẹ́, kò sí ní Ọ̀jọ́ bí ọ̀pọ̀ ṣe rò. Fún IT, àwọn ilé iṣẹ́ Odógunyán wà nítòsí, ibùdó iná mànàmáná Egbin sì wà lẹ́bàá Ìjèdè, níbi tí ẹ̀rọ mẹ́fà ti lè mú 1,320 mẹ́gáwáàtì wá, 220 látara ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bá ṣe HND náà lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àjọ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ ẹnjiníà, ní ìpele tẹkinọ́lọ́jíìsì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé yunifásítì nìkan ni ọ̀nà.

Àwọn ọmọbìnrin ń wọlé. Kí ló dé tí a kì í rí wọn láàárín àwọn ọ̀gá?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn máa béèrè nìyí. UNESCO gbé ìṣirò jáde ní 2021 pé nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn tó ń gboyè ìmọ̀ ẹ̀rọ lágbàáyé, bí 28 ni obìnrin. Nínú ọgọ́rùn-ún olùṣèwádìí, bí 33. Wọn ò pọ̀, àmọ́ wọ́n wà. Ibi tí mo ti rí wọn tí wọ́n ń pòórá ni agbedeméjì, láàárín ọdún kẹfà sí ìkejìlá lẹ́nu iṣẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń bímọ. Ìgbà yẹn náà ni ilé iṣẹ́ ń yan ẹni tí yóò rán lọ sí kọ́ọ̀sì, ẹni tí yóò fi ṣe alábòójútó ṣíìfù, ẹni tí yóò bá ọ̀gá lọ sípàdé àwọn oníbàárà ńlá. Kò sẹ́ni tó máa lé obìnrin náà. Wọ́n á kàn ní, "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ẹ jẹ́ kó sinmi." Kọ́ọ̀sì mẹ́ta á kọjá lórí ìsinmi yẹn, ọkùnrin tí wọ́n jọ wọṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà á di ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó bá wá kọ̀wé pé òun ń lọ, wọ́n á ní, "Ṣé ẹ rí i, àwọn obìnrin kì í lè dúró."

Mo la irú rẹ̀ kọjá. Lẹ́yìn ọmọ mi kejì, wọ́n gbé mi kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ ọjà tó wọlé àtèyí tó jáde, wọ́n ní kí n lè ráyè tọ́mọ. Ó dùn létí nígbà náà, mo tilẹ̀ dúpẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo lò níbẹ̀. Nígbà tí ipò àgbà ṣí sílẹ̀, ìwé ìkéde ní ẹni tó bá ti lo ọdún mẹ́ta nídìí ẹ̀rọ nínú ọdún márùn-ún tó kọjá nìkan ni kó kọ̀wé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Mi ò bínú sí ẹni tó gbé mi lọ mọ́, ṣùgbọ́n títí dòní mi ò gbà pé oore ló ṣe mí.

Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í yá sí àwọn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ti ń sọ fún obìnrin pé kó ní ìgboyà sí i, kó gbóhùn sókè, kó gbéra ga díẹ̀. A kì í fi oníjà sílẹ̀ ká gbájú mọ́ alápepe. Ìgboyà tí obìnrin fi wọ iléeṣẹ́ tó jẹ́ pé òun nìkan ni obìnrin níbẹ̀ ti tó. Ètò iṣẹ́ ni kí wọ́n tún tò.

Ṣé kì í ṣe pé ẹ kàn rò bẹ́ẹ̀ ni? Ẹ̀rí dà?

Nancy Hopkins, onísáyẹ́ǹsì ní yunifásítì MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà, nílò àyè sí i fún iṣẹ́ rẹ̀, wọn ò fún un. Ó mú téèpù, ó sì ń lọ wọn yàrá ìṣèwádìí kiri lálẹ́. Ó rí i pé àyè tí wọ́n fún àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kéré sí tàwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn. Ó lọ bá àwọn obìnrin yòókù. Ní 1994, ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì wọn, obìnrin 15 péré ló wà nípò ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn kì í lé kúrò, ọkùnrin 194. Ìjábọ̀ wọn jáde ní 1999, ọ̀gá àgbà MIT fúnra rẹ̀ sì gbà ní gbangba pé òótọ́ lọ̀rọ̀ náà. Kò sí ariwo tó lè ṣe ohun tí téèpù yẹn ṣe.

Ẹ̀rí kejì. Ní 2012, àwọn olùṣèwádìí yunifásítì Yale, nílẹ̀ Amẹ́ríkà náà, fi ìwé ìwáṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì 127 ní yunifásítì, fún iṣẹ́ alábòójútó yàrá ìṣèwádìí. Orúkọ John ló wà lórí tàwọn kan, Jennifer lórí tàwọn tó kù. Kò sí ìyàtọ̀ mìíràn. Wọ́n ní John mọṣẹ́ jù, wọ́n sì fẹ́ san nǹkan bí 30,000 dọ́là fún un lọ́dún, ti Jennifer jẹ́ bí 26,500. Àwọn olùkọ́ tó jẹ́ obìnrin ṣe é bí àwọn ọkùnrin ṣe ṣe é. Ìyẹn ló dùn mí jù, nítorí mo mọ̀ pé èmi náà ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń yan òṣìṣẹ́.

Nítorí náà, bí ọ̀gá kan bá ní "A kì í ṣojúsàájú níbí," ohun tí mo ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n, sà." Ẹ ka obìnrin tó wà ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo orúkọ àwọn tí ẹ rán lọ sí kọ́ọ̀sì láti ọdún mẹ́ta. Ẹ pe àwọn tó ti lọ, kí ẹ bi wọ́n pé kí ló lé wọn. Ojú ìwé kan ló máa gbà.

Kí ni òfin sọ nípa ìsinmi ìbímọ?

Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìbímọ bó bá ti mú ìwé dókítà wá, àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní kó ṣiṣẹ́. Bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, owó tí wọ́n máa san fún un kò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù rẹ̀. Bó bá padà tó sì ń fún ọmọ lọ́mú, ó ní ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, mi ò tíì rí obìnrin márùn-ún tó mọ̀ pé ó wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ mú un dání lọ bá ọ̀gá yín.

Ibi tí òfin yẹn dé dúró nìyẹn, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 2014 ni ìjọba Èkó ti ń fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní oṣù mẹ́fà fún ìbí àkọ́kọ́ àti èkejì, tó sì fún bàbá ọmọ ní ọjọ́ mẹ́wàá. Ọjọ́ mẹ́wàá ti bàbá yẹn ṣe pàtàkì ju bó ṣe kéré lọ: ọ̀gá tó mọ̀ pé ọkùnrin náà lè lọ sílé nítorí ọmọ kò ní máa wo obìnrin nìkan bí ẹni tí yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́la.

Ẹ ka lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́ yín kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Bí ọjọ́ ìsinmi bá sì ti ń bọ̀, ẹ bá ọ̀gá yín jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: iṣẹ́ wo lẹ fi sílẹ̀, ta ló ń bá yín dì í mú, iṣẹ́ wo lẹ máa padà sí. "Màá padà sídìí ẹ̀rọ mi" ni kí ẹ kọ, kí ẹ kọ déètì sí i. Ká ní mo kọ ọ́ ni.

Wọ́n ní obìnrin ò gbọdọ̀ ṣe ṣíìfù alẹ́. Ṣé òótọ́ ni?

Ó wà nínú òfin kan náà, abala 55: kí wọ́n má gba obìnrin síṣẹ́ alẹ́ níléeṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan jáde. Ó yọ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì yọ obìnrin tó wà nípò alákòóso tí kì í fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ agbára. Ààbò ni wọ́n ní àwọn ń ṣe. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé níléeṣẹ́ tí ẹ̀rọ kì í dákẹ́, alẹ́ ni ẹ̀rọ máa ń bàjẹ́ jù, alẹ́ ni ọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe láìsí ọ̀gá nítòsí, owó ṣíìfù alẹ́ sì ń gbé owó oṣù sókè. Obìnrin tí kò bá ṣe é rí yóò dé iwájú ìgbìmọ̀ ìgbéga, wọ́n á ní kò nírìírí.

Èrò tèmi ni pé kí wọ́n tún òfin yẹn ṣe. Ohun tó ń dẹ́rù bà wá ní Ìkòròdú kì í ṣe òkùnkùn inú iléeṣẹ́. Ọ̀nà láti géètì dé Sábó láàárọ̀ kùtù ni, àti ọ̀kadà tí a kò mọ ẹni tó ń gùn ún. Bọ́ọ̀sì iléeṣẹ́ tó ń gbé òṣìṣẹ́ dé ojúlé ló máa yanjú rẹ̀, fọ́kùnrin fóbìnrin.

Ọmọ mi ní bàtà àti ilé ìyàgbẹ́ ló lé òun kúrò níbi IT. Ṣé ó tó ohun tí èèyàn ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún?

Ó tó o. Ilé ìyàgbẹ́ obìnrin kan ṣoṣo ló wà níléeṣẹ́ tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ó wà lápá ọ́fíìsì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé. Láti ibi ẹ̀rọ, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni àlọ nìkan. Mi ò kì í mumi láti àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán. Nínú ooru yẹn! Inú mi ń dùn nígbà náà pé mo lè fara dà á, mo rò pé ìyẹn ni akin. Dókítà ló padà sọ ohun tí mo ń fi kíndìnrín mi ṣe fún mi.

Bàtà wọn, nọ́ḿbà 41 ló kéré jù. 38 ni tèmi. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀, mo tún ń fi àkísà dí iwájú bàtà, mo sì ń gun àkàbà irin bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù lè kó sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yí. Akoto tí kò dúró lórí irun dídì ń já bọ́ nígbà tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀. Ohun ìdáàbòbò tí kò bá ara mu ti di ewu fúnra rẹ̀. Oríṣi tó bá obìnrin mu wà lọ́jà lónìí, kí ẹni tó ń rajà fún iléeṣẹ́ kàn béèrè nọ́ḿbà ẹsẹ̀ kó tó rà á ni. Ẹ̀yin ọ̀gá, bí ẹ bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́ ilé ìyàgbẹ́ obìnrin sítòsí ibi iṣẹ́, kẹ́ ẹ fi omi sí i, kẹ́ ẹ fi agbọ̀n olómorí sí i fún àkókò nǹkan oṣù.

Ọjọ́ Orò ńkọ́?

Ìbéèrè Ìkòròdú gan-an nìyí, inú mi dùn pé ẹnì kan bi mí. Lọ́jọ́ Orò Magbo, obìnrin kì í jáde. Mi ò wá bá àṣà ìlú wí níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ bá àwọn ọ̀gá iléeṣẹ́ sọ ni pé wọ́n máa ń kéde ọjọ́ náà ṣáájú, kò sí ìdí tí yóò fi bá yín lójijì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti kọ "kò wá síṣẹ́" síwájú orúkọ gbogbo obìnrin lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n yọ owó wọn, tí ọjọ́ náà sì wọ inú máàkì ìgbéga wọn lópin ọdún. Ẹ pa ṣíìfù wọn pààrọ̀, ẹ fún wọn ní iṣẹ́ tí wọ́n lè fi kọ̀ǹpútà ṣe nílé, tàbí kẹ́ ẹ kà á sí ìsinmi tí owó wà nídìí rẹ̀. Obìnrin kọ́ ló yan ọjọ́ náà.

Owó tí ìyàwó mi ń gbà ti ju tèmi lọ, gbogbo ìgbà ló sì ń pẹ́ níbi iṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ mi, ẹ máa se oúnjẹ alẹ́. Òótọ́ ni mo ń sọ. Ọkọ mi ló ń gbé ọmọ wa lọ sílé ìwé fún ọdún mẹ́sàn-án, àwọn ará àdúgbò sọ̀rọ̀ títí ó fi sú wọn. Láìsí ìyẹn, ẹ ò bá má rí mi níbi tí mo ti ń dá yín lóhùn.

Ọ̀gá kan ń fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ní bí mo bá sọ ọ́, iṣẹ́ mi ti bọ́.

Ẹ̀bi rẹ kọ́. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ohun tó sọ, ẹni tó wà nítòsí. Má pa àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Fi ẹ̀dà pa mọ́ síbi tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́. Sọ fún ẹnì kan tí o gbẹ́kẹ̀ lé, kí ọjọ́ tí o sọ ọ́ náà lè jẹ́ ẹ̀rí.

Òfin ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó ka ohun tó ń ṣe sí ọ̀ràn tó lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́, National Industrial Court, ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ irú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin orílẹ̀-èdè ṣe ní 2010. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn kan ti ILO, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ lágbàáyé, nọ́ḿbà 190, ní 2022, èyí tó lòdì sí ìwà ipá àti ìfòòró níbi iṣẹ́. DSVA, àjọ ìjọba Èkó tó ń gbógun ti ìwà ipá inú ilé àti ti ìbálòpọ̀, wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí, wọn kì í gba owó. Bí o bá sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ IT, lọ bá ẹni tí ilé ìwé yàn láti máa bẹ̀ ọ́ wò. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mú ọ kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé o pàdánù ọdún rẹ. Wá bá mi pẹ̀lú. Màá bá ọ lọ.

Èmi ni ọ̀gá iléeṣẹ́. Ṣé kí n wá gba obìnrin tí kò kúnjú ìwọ̀n nítorí pé mo fẹ́ kí wọ́n pọ̀ ni?

Rárá, sà. Ẹ gba ẹni tó mọṣẹ́. Ṣùgbọ́n báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó mọṣẹ́? Àwọn tó ń pín àkókò lórí awò ìràwọ̀ Hubble bi ara wọn ní irú ìbéèrè yìí. Àwọn onísáyẹ́ǹsì máa ń kọ̀wé béèrè fún àkókò náà, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé tí ọkùnrin kọ ni wọ́n ń fọwọ́ sí jù. Ní 2018 wọ́n mú orúkọ kúrò lára ìwé náà kí àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò má lè mọ ẹni tó kọ ọ́. Lọ́dún yẹn gan-an, ìwọ̀n àwọn obìnrin tó rí àkókò gbà nínú àwọn tó béèrè kọjá tàwọn ọkùnrin díẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ pa orúkọ mọ́ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ń ka ìwé ìwáṣẹ́. Ẹ bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà. Ẹ má bi obìnrin pé ìgbà wo ló máa bímọ bí ẹ ò bá bi ọkùnrin. Ẹ kéde ipò tó ṣí sílẹ̀, ẹ má fi sẹ́nu àwọn tí ẹ jọ ń mu ọtí ní ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá owó mi dọ́gba pẹ̀lú tàwọn ọkùnrin?

Ẹ bi wọ́n. Ojú ń tì wá láti sọ iye tí à ń gbà, àwọn agbanisíṣẹ́ nìkan ni ìtìjú yẹn ń ṣe láǹfààní. Abala 17 nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ní kí owó iṣẹ́ kan náà dọ́gba fún takọtabo, Nàìjíríà sì ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé lórí rẹ̀ láti 1974. Ó yẹ kí iléeṣẹ́ kọ iye owó ìpele kọ̀ọ̀kan sójú táyé.

Ta ni mo lè sá bá láàárín àwọn obìnrin tó ti ṣe é?

APWEN ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ẹnjiníà. Joanna Maduka ló kọ́kọ́ darí rẹ̀. Abẹ́ NSE ló wà, ẹgbẹ́ gbogbo ẹnjiníà Nàìjíríà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958. Ní 2024 ni NSE tó ní ààrẹ obìnrin àkọ́kọ́, Margaret Oguntala. Ọdún 66 ló gbà. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, ẹkún ayọ̀ àti ti ohun mìíràn.

Ẹ máa fìyàtọ̀ sáàárín ẹni tó ń gbà yín nímọ̀ràn àti ẹni tó ń dárúkọ yín níbi tí ẹ ò sí. Obìnrin máa ń rí ti àkọ́kọ́ dáadáa. Ti èkejì ló ń mú ìgbéga wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lókè, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí wọ́n bá ń wá ẹni tí wọ́n máa rán lọ, ẹ dárúkọ ẹnì kan. Kí ẹ sì dẹ́kun pípe obìnrin kan ṣoṣo tó wà nípàdé láti wá kọ àkọsílẹ̀ tàbí lọ bá yín wo oúnjẹ. Ẹ máa yí i ká.

Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ. Ọmọ ọdún 36 ni mí. Ṣé ó ti bọ́?

Kò tíì bọ́. Ẹ lọ wo ipò tí orúkọ yín wà lọ́dọ̀ COREN, kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ jẹ kù lórí ìwé àṣẹ ọdọọdún. Ẹ wá ẹ̀kọ́ kúkúrú kan lórí ohun tuntun tó ti dé lẹ́yìn yín. Nídìí iná mànàmáná, sólà ni mo máa ń tọ́ka sí, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ láti Ìgbógbó dé Ìmọ̀tà. Nínú ìwé ìwáṣẹ́, ẹ má fi ọdún mẹ́fà náà pa mọ́, ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan kí ẹ sì kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá tẹ́ ẹ ti jọ ṣiṣẹ́ rí, kẹ́ ẹ pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó bi mí ní ìbéèrè yìí pe mẹ́jọ. Ẹnì kẹfà ló ní kó wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì bi í ní nọ́ḿbà bàtà rẹ̀.